Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́jú góòlù de ọjọ́ ogbó, kí lojú yín rí?

IyaSukura_Sabo: Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ilé ìwé àdáni ni mo ti ń ṣe tíṣà látọjọ́ yìí, ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn ò sí níbẹ̀, torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé tí mo bá ti kó àjọ, góòlù ni mo ń rà, yẹtí lónìí, ṣéènì tó bá yá, mi ò sì kì í wọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n iye ẹ̀ kì í dúró sójú kan, bàbá Ṣúkúrà wá ní ká tà á ká fi ra ilẹ̀ sí Ìmọ́tà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

AgricBoy: Ẹ tà á kẹ̀. Ta ló ń jẹ góòlù

MamaJumoke: Ìyá Ṣúkúrà, ẹ má dá a lóhùn. Màmá mi ní ṣéènì kan tí wọ́n rà ní Balógun kí wọ́n tó bí àbígbẹ̀yìn wa. Ní 2011 góòlù ti lé ní dọ́là 1,900 ounce kan (bíi gíráàmù 31), nígbà tó fi máa di ìparí 2015 ó ti já wá sí bíi 1,050, gbogbo àwa ọmọ kóra jọ à ń bẹ màmá pé kí wọ́n tà á kó tó burú jù báyìí lọ, wọ́n ní ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi rà á ni. Wọn ò tà á. Ìgbà tí wọ́n máa wá tà á, wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, owó ẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ojú wọn méjèèjì, ó tún ṣẹ́kù tí wọ́n fi pààrọ̀ páànù ilé.

Oniyemeji: Náírà ló já o mà, góòlù kọ́ ló fò. Ẹ má pa á pọ̀.

MamaJumoke: Ṣé dọ́là ni mo fi ń ra gàrí ní Sábọ̀ ni?

OmoEpe: 😂😂 Ó fò náà o, October 2025 ó kọjá dọ́là 4,000. Ṣùgbọ́n ó lè sùn pẹ́. January 1980 ó dé 850, nígbà tó di 1999 ó ti wà ní bíi 250, inú 2008 ló tó padà fojú kan 850 yẹn. Ẹni tó rà á ní 1980 tó wá rìtáyà ní 1999 ńkọ́? Kó máa wo ṣéènì kó máa mumi?

AunteeIjede: Ẹ ò tiẹ̀ sọ ti àwọn tó ń rà á padà. Mo gbé òrùka àti yẹtí lọ, góòlù 18 karat, òǹtẹ̀ 750 wà lára ẹ̀ ketekete, ọkùnrin yẹn yọ gbogbo òkúta inú ẹ̀ dànù kó tó gbé e sórí sikéèlì, owó iṣẹ́ ọwọ́ tí mo san wọgbó, ó ní góòlù nìkan lòun ń rà. 18 yìí náà sì rèé, nínú gíráàmù mẹ́rin, mẹ́ta péré ni góòlù. Tó bá jẹ́ torí ogbó lẹ ṣe ń rà á, ẹ yé ra oní-labalábá, ṣéènì lásán ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.

AgricBoy: Ilẹ̀ ò ní gbogbo wàhálà yìí

BabaIbeji: Ta ló sọ fún ẹ? Ìmọ́tà yẹn náà, èmi àti èèyàn méjì la jọ ní ìwé ilẹ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ti gba owó fáńdéṣọ̀n, ó tún ti ń bèèrè ti páànù, ilé ọ̀hún ò tíì kúrò ní wíńdò. Góòlù ò ní ọmọ onílẹ̀.

OmoEpe: Ó ní olè ṣá.

AunteeIjede: Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má kọ ibi tó tọ́jú tiẹ̀ sí síbí o. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kà tí wọn ò sọ̀rọ̀.

Alfa_Igbogbo: Ẹ̀yin mùsùlùmí inú yín, sàká ńkọ́? Tó bá ti tó 85 gíráàmù góòlù gidi, tó sì pé ọdún Híjírà kan lọ́wọ́ yín, ẹ máa yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

MamaJumoke: Alfa, ohun ẹ̀ṣọ́ obìnrin ò ní sàká. Ìlànà Ìmáàmù Málíkì là ń tẹ̀lé.

Alfa_Igbogbo: Èyí tẹ́ ẹ bá ń wọ̀ nìyẹn mà. Èyí tẹ́ ẹ dì pamọ́ de ọjọ́ ogbó, Málíkì náà ní kẹ́ ẹ yọ ọ́.

IyaSukura_Sabo: Háà. Ṣé tàwọn ọdún tó ti kọjá náà?

Oniyemeji: Ẹ yáa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé 😂

Alfa_Igbogbo: Ìyá Ṣúkúrà, ẹ lọ wọ̀n ọ́n ná, kẹ́ ẹ wá bá mi ní ìnbọ́ọ̀sì.