Fáíbà mi ò kọjá 94

Ọmọ Ìyàrá, Manchester: Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá gbọ́ ti ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, kó gbà mí o. 1,000 Mbps (ìwọ̀n ìyára íńtánẹ́ẹ̀tì) ni mò ń sanwó fún lórí fáíbà, okùn íńtánẹ́ẹ̀tì tó wọlé mi, àmọ́ ìgbàkígbà tí mo bá wọ̀n ọ́n, 94 ni. Ní yàrá ẹ̀yìn, fóònù mi kì í rí 40. Bí mo bá pe màmá ní fídíò, ojú wọn á dúró gbagidi, ohùn wọn á ṣì máa lọ. Ṣé kí n pààrọ̀ ilé iṣẹ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Mọ́pà, Calgary: Àbúrò, fara balẹ̀. Ráútà tuntun ni wọ́n á kàn tà fún ọ. Wi-Fi lo fi wọn 94 yẹn, àbí wáyà?

Ọmọ Ìyàrá: Wáyà ni, ẹ̀gbọ́n. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́pà: Ó tán! Fáíbà ò jẹ̀bi. Ìsopọ̀ tí kò bá ju 100 Mbps lọ, 94 tàbí 95 náà ló máa ń já sí bí a bá wọ̀n ọ́n. Wo ara wáyà yẹn. Bó bá jẹ́ Cat5 lásán (oríṣi wáyà àtijọ́) ni wọ́n kọ sí i, jù ú nù, ra Cat5e tàbí Cat6. Bó bá ti jẹ́ Cat5e, wo orí rẹ̀ níbi tó ti wọ ihò. Wáyà tín-ín-tín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin ni 100 ń lò. 1,000 ń fẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin tí 100 kì í lò bá já, ráútà àti kọ̀ǹpútà sábà máa ń jọ sọ̀ kalẹ̀ sí 100 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wáyà tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló burú jù: kò kú, kò sì yè. Bó bá jẹ́ ihò ráútà fúnra rẹ̀ ni kò ju 100 lọ, ìgbà yẹn la ó tó sọ̀rọ̀ ráútà.

Ìyá Ìbejì (Ìsánlú), Houston: Ti yàrá ẹ̀yìn ńkọ́? Bíríkì ni ògiri yín lọ́hùn-ún. Ìgbì Wi-Fi 5 GHz yára, àmọ́ ògiri tètè ń dá a dúró, ìgbì 2.4 GHz ń wọlé jìnnà, kò kàn yára ni. Gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, gbé e sókè. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ iná láti fa Wi-Fi gùn, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gbà tí wọ́n tún fi ń fún ni, ìdajì sípíìdì á sì ti bá a lọ.

Ọmọ Kàbà, nílé: Ẹ̀gbọ́n Manchester, ẹ má bínú, ti màmá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ráútà yín. Ìpè fídíò ò jẹ tó 5 Mbps. Dátà fóònù ni wọ́n ń lò níbí, ìrọ̀lẹ́ sì ni gbogbo ìlú ń dù ú. Ẹ pè wọ́n ní kùtù, kí wọ́n sì jáde sí fàráńdà.

Ọmọ Ìyàrá: Mo ti pààrọ̀ wáyà. 938! Ẹ ṣeun o. Báwo ni mo ṣe máa fa òmíràn dé yàrá ẹ̀yìn báyìí? Ilé onílé ni.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́pà: Má lu ihò kankan láìgba àṣẹ. Ra èyí tó pẹlẹbẹ, kó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ṣáà rí i pé Cat6 ni.