Ṣé oríyìn ló ń kó bá ọmọ mi ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. "Purofẹ́sọ̀" ni gbogbo ilé ń pe ọmọ mi, ọmọ ọdún 9. Ní báyìí, bí ìṣirò bá ti le díẹ̀, á fi íréésà ha ìwé títí tó fi máa ya, á ní inú ń run òun. Inú wo!

Ìwádìí Claudia Mueller àti Carol Dweck ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998 fi hàn pé iṣẹ́ tó rọrùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n yìn pé orí wọ́n pé ń mú. Àwọn tí wọ́n yìn fún ìsapá ń fẹ́ èyí tí wọ́n á ti kọ́ nǹkan. Àmọ́ ìyá ọkọ mi ló sọ ọ́ ní Purofẹ́sọ̀. Báwo ni mo ṣe máa bá wọn sọ ọ́ tí kò ní dìjà?