Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: ìdálẹ́bi àbúrò mi láti ọdún 2013, ṣé kóòtù lè pa á rẹ́?

Ìyá Tòmíwá, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan-an, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lóye.

Lọ́dún 2013, ìjà ṣẹlẹ̀ níbi ìnáwó òkú kan lápá Àrówómọ́lẹ̀. Ọlọ́pàá kó àwọn ọmọkùnrin mélòó kan, àbúrò mi wà nínú wọn. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà, ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé kóòtù májísíréètì, ẹnì kan ní kí wọ́n ṣáà gbà pé àwọn jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Adájọ́ bu fáìnì lé wọn, bàbá wa san án, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀. Kò sí lọ́yà kankan tó dúró fún wọn. Láti ìgbà náà, ọmọ yìí ò tún ní ohunkóhun pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá mọ́.

Ó ti di ọ̀gá báyìí, ó ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́. Iṣẹ́ kan wá yọ fún un ní Ìlú Ọba, wọ́n sì ní kó mú ìwé ẹ̀rí ìwà wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹnì kan tó ń bá wa sáré ìwé náà ní òun mọ akọ̀wé tó máa yọ fáìlì rẹ̀ kúrò ní kóòtù, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Owó tó ń bèèrè tó ra ọ̀kadà. Ṣé a lè lọ bá kóòtù fúnra wa kí wọ́n pa ẹjọ́ náà rẹ́? Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Tákíè

Ìyá Tòmíwá, ẹ má san kọ́bọ̀! Ẹni tó bá lè yọ fáìlì lónìí lè padà wá lọ́la kó ní ẹ wá sanwó kí òun má baà sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀

Mo ṣiṣẹ́ ní rẹ́jísírì kóòtù kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀. Bí ẹjọ́ bá wáyé, fáìlì nìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ìwé ńlá wà ní rẹ́jísírì tí wọ́n ń kọ gbogbo ẹjọ́ sí tẹ̀lé ara wọn. Àkọsílẹ̀ owó fáìnì wà lọ́tọ̀. Ọlọ́pàá tó gbé ẹjọ́ wá náà ní fáìlì tirẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ní kó tẹ̀ka ní àgọ́ wọn, ìka yẹn ti kúrò lọ́wọ́ kóòtù. Kí ni ẹni tó yọ fáìlì kan wá pa rẹ́?

Èyí tó burú jù ni pé fáìlì tó fẹ́ jí yẹn gan-an ni ẹ máa nílò. Ohun tí adájọ́ kọ lọ́jọ́ náà wà nínú rẹ̀: bóyá wọ́n ka ẹ̀sùn sí ọmọ náà létí, èdè tí wọ́n fi kà á, ohun tó fi dáhùn, bóyá wọ́n ṣàlàyé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Bó bá sọnù, ẹ ò ní ohun tí ẹ máa fi jà mọ́.

Nítorí náà, ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ rèé: kí àbúrò yín fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí rẹ́jísírà kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ náà, kó bèèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹjọ́ tí kóòtù fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí. Wọ́n á ní kó san owó, wọ́n á já rìsíìtì fún un. Owó tí kò bá ní rìsíìtì, ẹ má san án.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ pé wọ́n ti dá àwọn lẹ́bi, tó sì jẹ́ pé adájọ́ kàn ní kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní jà mọ́ ni. Àwọn mìíràn, wọ́n ti da ẹjọ́ nù nítorí pé olùpẹ̀jọ́ ò yọjú. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà ná.

Lọ́yà Ìsọ̀kùn, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun, bàbá, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Ìyá Tòmíwá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó le. Ní Nàìjíríà, kò sí òfin tó fún májísíréètì láyè láti pa ìdálẹ́bi àgbàlagbà rẹ́ kìkì nítorí pé ó ti pẹ́ tàbí pé ẹni náà ti yíwà padà. Adájọ́ tó ti dájọ́ tán, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí lórí ẹjọ́ yẹn. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí, torí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni fáìnì kékeré ń dí lọ́wọ́ títí di àgbà. Àmọ́ ọ̀nà méjì wà.

Èkíní ni kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Láti májísíréètì, ilé ẹjọ́ gíga lẹ máa gbé e lọ. Bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ gíga ló dá a lẹ́bi ni, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà n'Íbàdàn ni, òfin sì fún ènìyàn ní 90 ọjọ́ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn. Tiyín ti kọjá àkókò tipẹ́, ẹ ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè láti pẹjọ́ lẹ́yìn àkókò. Ohun méjì ni adájọ́ máa wò: kí ló dá yín dúró, àti pé ṣé ohun gidi kan wà nínú ẹjọ́ náà. Abala 36 ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún ènìyàn ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Bí àkọsílẹ̀ bá fi hàn pé wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ yín ti kanlẹ̀ nìyẹn. Bí ilé ẹjọ́ gíga bá da ìdájọ́ ìsàlẹ̀ nù, kò sí ìdálẹ́bi mọ́. Èyí ló súnmọ́ píparẹ́ jù lọ.

Èkejì ni àánú gómìnà. Abala 212 ló fún un lágbára láti dárí ji ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ tẹnu ìgbìmọ̀ tó ń gbà á nímọ̀ràn lórí rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ yín máa gba ọ̀dọ̀ Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìdájọ́ kọjá, ní Sẹkitéríàtì, Agodi. Ẹ so ẹ̀dà ìdájọ́ mọ́ ọn, àti rìsíìtì fáìnì bó bá ṣì wà, pẹ̀lú lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa: ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, imáàmù tàbí pásítọ̀ rẹ̀, baálẹ̀ àdúgbò.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo ìdáríjì. Ẹ rántí ọdún 1999, nígbà tí Olóyè Olú Fáláè gbé ìdìbò Ọbásanjọ́ lọ sí kóòtù. Ara ohun tó tẹnu mọ́ ni pé wọ́n ti dá Ọbásanjọ́ lẹ́bi nígbà ayé Abacha. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dáhùn pé ìdáríjì tí ìjọba Abdulsalami fún un ti sọ ọ́ di ẹni tuntun lójú òfin.

Bàbá Ẹlẹ́pò

Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, EFCC ló mú un lórí ọ̀rọ̀ yahoo, wọ́n dá a lẹ́bi, ó sì ti jìyà tirẹ̀ tán. Ṣé gómìnà lè dárí ji ìyẹn náà?

Lọ́yà Ìsọ̀kùn, Ọ̀yọ́

Bàbá, ẹ má wo ẹni tó mú un, òfin tí wọ́n kọ sórí ìwé ẹ̀sùn ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ni, irú bíi Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, Ààrẹ nìkan ló lè dárí jì í, lábẹ́ abala 175. Ṣùgbọ́n EFCC máa ń gbé àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà. Bí ẹ bá rí “Criminal Code Law, Cap. 38, Laws of Oyo State 2000” lórí ìwé ẹ̀sùn, ti gómìnà ni.

Ọmọ Akẹ́sán

Tèmi ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 16. Ṣé bákan náà ni?

Lọ́yà Ìsọ̀kùn, Ọ̀yọ́

Rárá o. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní kí wọ́n má tilẹ̀ pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdálẹ́bi. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìkọ̀kọ̀. Wá ìwé ọjọ́ ìbí rẹ, kí o mú un lọ bá lọ́yà.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Leeds

Ìyá Tòmíwá, mo fẹ́ fi kan kún un. Ìwé ọlọ́pàá lọ́tọ̀, fọ́ọ̀mù fíísà lọ́tọ̀. Fọ́ọ̀mù náà máa bèèrè bóyá wọ́n ti dá a lẹ́bi rí níbikíbi láyé. Kódà bí ìwé ọlọ́pàá bá jáde láìsí àlèébù, tó sì kọ “rárá” síbẹ̀, irọ́ ló pa. Bí wọ́n bá mú un pé ó purọ́, wọ́n lè má jẹ́ kó wọlé fún ọdún 10. Kó sọ ọ́ bó ṣe rí, kó so ẹ̀dà ìdájọ́ àti àlàyé ṣókí mọ́ ọn. Fáìnì tó ti pẹ́ tó báyìí, mi ò rò pé òun ló máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìyá Tòmíwá, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Mo ti ní kí ọkùnrin yẹn jókòó ná. Ṣùgbọ́n lọ́yà, owó ńkọ́? Àti pé bí wọ́n bá dárí jì í, ṣé ọlọ́pàá máa mọ̀?

Lọ́yà Ìsọ̀kùn, Ọ̀yọ́

Wọn ò ní mọ̀ fúnra wọn, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Lọ́yà á kọ̀wé, á so ẹ̀dà ìdájọ́ tuntun tàbí ìwé ìdáríjì tí wọ́n jẹ́rìí sí mọ́ ọn, á fi ránṣẹ́ sí ibi tí ọlọ́pàá ń kó àkọsílẹ̀ ọ̀daràn sí ní Alágbọn, l'Ékòó, pé kí wọ́n tún tiwọn ṣe. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ní ti owó, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún ènìyàn ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀ lọ. Bí ti àbúrò yín bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, ẹ̀ka Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bèèrè ẹni tó lè bá yín ṣe é ní ọ̀fẹ́ tàbí ní owó tí kò ga. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yẹn wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó lọ.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀

Bí ẹ bá ń lọ sí rẹ́jísírì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́dún náà, torí wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ènìyàn bó ṣe dún létí wọn. Ẹ kọ oṣù tó ṣẹlẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹnì kan tàbí méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ mú. Bí wọn ò bá rí tirẹ̀, ti àwọn yẹn lè gbé e jáde. Ẹ tètè dé, kí èrò tó pọ̀.