Orúkọ oríṣi àyágbé: "aláìlópin" ò lè dúró

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àbá tó wà nílẹ̀ lórí orúkọ Yorùbá fún oríṣi àyágbé (àdéhùn ilé yíyá) ni pé ká pe àdéhùn ilé tó ní ọjọ́ ìparí ní "àyágbé onígbèdéke", ká sì pe èyí tí kò ní in ní "àyágbé aláìlópin". Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìkejì yẹn máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín onílé àti ayálégbé.

Àyágbé tí à ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù ní òpin. Kì í kàn dédé parí fúnra rẹ̀ ni. Sáà kan á máa tẹ̀lé òmíràn títí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò fi fún ẹnì kejì ní nótíìsì. Ayálégbé tó bá rí "aláìlópin" nínú ìwé tó fẹ́ tọwọ́ bọ̀ á rò pé kò sẹ́ni tó lè ní kóun kó jáde láéláé. Sáà ìsanwó ni ká fi sọ ọ́ lórúkọ: àyágbé olóṣooṣù, àyágbé ọlọ́dọọdún. Gígùn sáà yìí náà ni òfin sábà máa ń wò kó tó sọ bí nótíìsì ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó.

Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pé tí kò kó jáde ńkọ́? "Ajagungbalé" tí àwọn kan mú wá ti le jù. Onílé ló fún un ní kọ́kọ́rọ́. "Ayálégbé akọjá-gbèdéke" tó o. Àmọ́ kí onílé ṣọ́ ohun tó ń kọ sínú rìsíìtì: bó bá gbowó lẹ́yìn tí ọjọ́ pé, tó sì kọ "owó ilé oṣù yìí", ilé ẹjọ́ lè kà á sí àyágbé olóṣooṣù tuntun. "Owó ìlò ilé" ni ká máa pe owó ọjọ́ tí àdéhùn ò bò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká pa á pọ̀ mọ́ owó ilé.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì, ẹrù mẹ́ta ló wà lẹ́yìn owó ilé: owó orí ilé, adójútòfò, àtúnṣe. Ayálégbé ẹlẹ́rù-kan ń san owó orí nìkan, ẹlẹ́rù-méjì fi adójútòfò kún un, ẹlẹ́rù-mẹ́ta gbé gbogbo rẹ̀. Bí onílé bá ń ru gbogbo rẹ̀, aláìlẹ́rù ni ayálégbé (bẹ́ẹ̀ ó ti fi sínú owó ilé tẹ́lẹ̀!). Lórí ẹlẹ́rù-mẹ́ta, òrùlé àti ìpìlẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. "Àtúnṣe" nìkan ò sọ ẹni tí yóò tún wọn ṣe, àfi kí àdéhùn dárúkọ wọn.

"Àyágbé elérè" tún wà, fún èyí tí onílé ń gbà nínú ọjà títà. Mi ò gbà. Iye ọjà tí wọ́n tà ni wọ́n ń wò, wọn ò wo èrè rárá. Ká ní owó ilé jẹ́ 60,000 lọ́dún, ìdá onílé sì jẹ́ 6 nínú 100. Ẹ pín 60,000 sí 0.06: 1,000,000 ni. Títí ọjà títà fi dé iye yẹn, kò sí àfikún lórí owó ilé. Bí ọjà bá dé 1,200,000, ìdá 6 nínú 100 lórí 200,000 tó lé, ìyẹn 12,000, di ti onílé, kódà bí ọlọ́jà bá pàdánù lọ́dún náà. "Onídàá-ọjà" ni tèmi.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni ti ayálégbé tó ń yá ilé fún ẹlòmíràn. Oríṣi méjì ni: ọ̀kan fi apá kan sáà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, òun ṣì ni onílé ń bi lówó. Èkejì gbé gbogbo sáà tó kù fún ẹni tuntun. Ẹ mú àbá wá.