Ìdápadà kọ́, ìgbébọ̀ ni: lórí orúkọ tí a fẹ́ sọ punt return

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí à ń jọ jíròrò, mo kí gbogbo yín.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka èsì yín sí àtòjọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa fi ránṣẹ́, èyí tó fi ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn nǹkan inú bọ́ọ̀lù tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ń gbá, èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ọwọ́ gbé sáré. Mo ti pinnu pé n kò ní dá sí i, torí ẹni tó ṣe àtòjọ náà ṣe wàhálà, iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni kò sì yẹ ní fífi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tó ti pe punt return ní "ìdápadà bọ́ọ̀lù", tí ẹni mẹ́ta sì tẹ̀lé e pé ó dùn létí, n kò lè pa á mọ́ra mọ́: mo ní kí a pè é ní "ìgbébọ̀", ẹ sì da èsì bò mí. Àwọn èsì yín ni mo ń dáhùn níbí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo eré náà bó ṣe rí gan-an. Bí ẹgbẹ́ tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ bá ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí wọn kò rí yáàdì mẹ́wàá jẹ, wọ́n sábà máa ń ní kí ẹnì kan fẹsẹ̀ gbá a sọnù sí ọ̀nà jíjìn (punt nìyẹn), kí àwọn alátakò lè bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti ẹ̀yìn pátápátá. Ní ìhà kejì, ẹnì kan ló sábà máa ń dá dúró, tó gbójú sókè, tó ń retí bọ́ọ̀lù tó ń pòòyì bọ̀ bí òkòtó, nígbà tí àwọn tó fẹ́ gbé e ṣánlẹ̀ ti ń ya bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù náà tó balẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí ó hán an, ìyẹn kí ó fọwọ́ gbà á lófuurufú, kí ó sì máa gbé e sá lọ (punt return nìyẹn), kí ó na ọwọ́ kan sókè kí ó jù ú sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n má baà fọwọ́ kàn án (fair catch nìyẹn), tàbí kí ó yẹra kí bọ́ọ̀lù náà máa bá tirẹ̀ lọ.

Ó ya, ẹ bá mi wo "dá" inú "ìdápadà". Mo yá ọkọ́ lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi, mo sì dá a padà: ọwọ́ ta ni ọkọ́ náà wà báyìí? Mo gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, mo dá a padà: àpò ta ni owó ọ̀hún wà? Ohun tí a bá dá padà ti kúrò lọ́wọ́ wa, ó ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó dúró de bọ́ọ̀lù bá wá "dá a padà", ìtumọ̀ rẹ̀ létí Yorùbá ni pé bọ́ọ̀lù ti tún di ti àwọn tó gbá a. Èyí ni àjálù tó burú jù lọ tó lè ṣẹlẹ̀ sí i lórí pápá. Bí ó bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tí kò sì rí i mú, tí alátakò bọ́ lé e, ìdápadà ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. A ti wá fi orúkọ òfò pe èrè.

Ọ̀gbẹ́ni kan dáhùn pé ọlọ́pàá a máa dá mọ́tò padà lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ní ọlọ́pàá ló ni mọ́tò náà tàbí pé ó yá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó dá mọ́tò padà kò wọ inú mọ́tò náà, ibi tó dúró sí ló wà. Ẹni tí à ń wí yìí, òun àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n jọ ń lọ, ó gbé e mọ́ àyà. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ "dá padà" tí ẹ kó wá, n kò rí ọ̀kan tí ẹni tó ń dá nǹkan padà fi di nǹkan ọ̀hún mú ṣinṣin kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "ìgbébọ̀". Ẹsẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù lọ, ọwọ́ ló gbé e bọ̀. Ẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀, ẹ ní ṣé adìẹ ni a fẹ́ sìn ni. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, àgbébọ̀ ni adìẹ. N kò kọ à-, ì- ni mo kọ, lẹ́tà kan yẹn ló sì ya agbo adìẹ sọ́tọ̀ kúrò lórí pápá. Ẹni tó tún wá sọ pé à- kì í sọ ìṣe di orúkọ rárá, kí ó ṣàlàyé àlọ àti àbọ̀ fún mi. Torí adìẹ ni mo fi sá fún à-, kì í ṣe torí òfin tí kò sí.

Nípa òwe tí àwọn kan nínú yín fi gbè mí lẹ́yìn, pé "àlọ ti ahun ni, àbọ̀ ti àna rẹ̀ ni", mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò gbà á. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ni òwe yẹn ń sọ. Ahun jí iṣu àna rẹ̀, àna so ó mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà; àwọn tó ń lọ sí ọjà láàárọ̀ dá ahun lẹ́bi, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lálẹ́ tí ó ṣì wà níbẹ̀, àna ni wọ́n bá wí. Ibi tí òwe náà ti kan eré yìí ni ẹnu èrò ìwòran, àwọn tó ń pariwo "sá lọ!" ṣáájú, tí wọ́n á sì máa bi ara wọn nígbà tí eré bá parí pé ta ló ní kí ó fọwọ́ kàn án.

Àtakò kan wà tó lágbára, n kò sì fẹ́ fo ó. Màmá wa kan béèrè pé bọ̀ sọ́dọ̀ ta ni? Bọ̀ máa ń kọjú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá jókòó láàárín àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó gba bọ́ọ̀lù, ṣebí "ó ń gbé e lọ" ni n óò wí? Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ tọ̀ ni mo wò, kì í ṣe ìjókòó mi. Àgbẹ̀ tó lọ sóko tó sì gba ọ̀nà kan náà wálé, àbọ̀ oko là ń pè é, ì báà jẹ́ oko ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 1959, LSU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana) gba Ole Miss (yunifásítì Mississippi) lálejò ní Baton Rouge. Ole Miss ní ayò 3, LSU kò ní nǹkan kan, eré sì ti wọ ìdá kẹrin. Jake Gibbs ti Ole Miss gbá bọ́ọ̀lù, ó balẹ̀, ó ta sókè, Billy Cannon ti LSU sì gbé e ní yáàdì 11 sí ìlà ìparí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣọ́, ìyẹn ilé tiwọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń kìlọ̀ nìyẹn, torí bọ́ọ̀lù tó bá yí wọ ẹ̀yìn ìlà ìparí, wọn óò gbé e jáde fún ọ sí yáàdì 20 láìṣe wàhálà, ṣùgbọ́n èyí tó bá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ ni alátakò ti rí i. Cannon ja ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tó dì í mú, ó sáré yáàdì 89 dé òpin, LSU sì borí pẹ̀lú 7 sí 3. Ní 1991, yáàdì 7 sí ilé tiwọn ni Desmond Howard ti Michigan ti hán bọ́ọ̀lù tí Ohio State gbá, ó sì gbé e bọ̀ ní yáàdì 93. Àwọn méjèèjì ló gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ, ní ọdún tí wọ́n dán an wò. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ yẹn kò tí ì kúrò lẹ́nu àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, torí kò sí ẹni tó ń fi ère ṣe ìrántí àwọn tí ó yọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá wo àwọn ìgbébọ̀ méjì yìí kí ẹ fi "ìdápadà" rọ́pò rẹ̀: ta ni Cannon dá a padà fún?

Ewu ti yunifásítì tún ju ti àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó lọ. Lọ́dọ̀ àwọn agbowó, ẹni méjì tó wà ní ìkángun ìlà nìkan ló lè sáré síwájú kí ẹsẹ̀ tó kan bọ́ọ̀lù. Ní yunifásítì, gbogbo wọn lè gbéra ní kété tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀ láàárín ìlà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó dúró lẹ́yìn fi sábà máa ń ju ọwọ́.

Èyí ló gbé mi dé "ìgbámú òdodo" tí àtòjọ náà pe fair catch. Òdodo wo? Ta ló purọ́? Ẹni tó ju ọwọ́ fi sísá tọrẹ kí wọ́n má baà fọ́ ọ ní egungun ni. Ẹni tó bá kọ lù ú, yáàdì 15 ni wọn óò fi jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ níyà. Mo dábàá "ìjuwọ́hán". Ọ̀gbẹ́ni tó ní òun ti kọ́ni ní Yorùbá fún ọgbọ̀n ọdún sọ pé ó ń rán òun létí "juwọ́ sílẹ̀", àti pé "hán" kì í ṣe Yorùbá àjùmọ̀lò. N kò bá a du ọdún. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí a wà ní kékeré, ẹni tó gun igi máńgòrò a máa ké sísàlẹ̀ pé "Hán an o!", a ó sì pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ igbá àyà. Ohùn òkè ló fi ń pè é. Àtòjọ yín kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ẹlòmíràn sì kà á sí "hàn", bí ẹni pé bọ́ọ̀lù náà fara hàn ní ojú àlá.

Bí máńgòrò náà bá sì ta wá ní ìka tó fọ́ sílẹ̀, ìyá ìyá mi á ní, "O tàsé ẹ̀." Kò ní sọ pé ó bọ́ lọ́wọ́ wa, torí kò tí ì dé ọwọ́ wa kí ó tó lọ. Òfin yunifásítì mọ ìyàtọ̀ yìí bí ìyá àgbà ṣe mọ̀ ọ́n: èyí tí o tàsé, bí àwọn tó gbá a bá bọ́ lé e, ti wọn ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù kú sí, wọn kò lè gbé e sáré, èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ kí ó tó bọ́, wọ́n lè gbé e sáré dé ilé rẹ. "Ìsọnù" ni àtòjọ náà pe méjèèjì. Mo bẹ̀ yín, ẹ pín in sí ìtàsé àti ìbọ́lọ́wọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn bá ti rí i pé bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ níbi tí kò dára, ó ní láti ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n kúrò lọ́nà, torí bí ó bá kan èyíkéyìí wọn ní gìgísẹ̀ lásán, alátakò ti lè gbà á. Àwọn kan nínú àwọn Amẹ́ríkà a máa pariwo "Poison!". Àtòjọ náà túmọ̀ rẹ̀ sí "Májèlé!". Májèlé, nǹkan tí à ń jẹ ni. Ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, èèwọ̀ ni, ó sì yá lẹ́nu ẹni tó ń sá eré. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ẹ ní kí wọ́n dán an wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n sì sọ fún wa bóyá àwọn ẹgbẹ́ wọn sá.