Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí sàláàdì tófù tí ọ̀rẹ́ mi kọ fún mi

Àṣàkẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń ṣe sàláàdì tófù nílé rẹ̀, tí àwọn tí kò fẹ́ràn tófù pàápàá máa ń tún bù jẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ bí ó ṣe ń ṣe é fún mi, ó sì kọ ọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ojú ni ó fi ń díwọ̀n gbogbo nǹkan, nítorí náà kò sí iye kankan nínú ohun tí ó kọ. Bí ó ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Gé tófù sí wẹ́wẹ́, kí o dín in títí yóò fi pọ́n. Rẹ́ kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti kùkúḿbà. Po sọ́ọ̀sì sóyà, fínígà, òróró yánmọtí, atalẹ̀, aáyù àti oyin díẹ̀ pọ̀. Da gbogbo rẹ̀ papọ̀, kí o wọ́n ewé àlùbọ́sà àti yánmọtí yíyan sí i lórí. Má jẹ́ kí ó lómi."

Gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yẹn ni ó ń kọ mí lóminú jù. Ó ní kí n má jẹ́ kí ó lómi, kò sọ ọ̀nà tí mo máa gbà ṣe é, ó sì ti rìnrìn àjò báyìí, n kò fẹ́ máa fi ìbéèrè yọ ọ́ lẹ́nu. Ènìyàn mẹ́jọ ni mo fẹ́ gbà lálejò, ọ̀kan nínú wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun tí àlìkámà bá wà nínú rẹ̀. Irú tófù wo ni kí n rà? Báwo ni mo ṣe máa mú omi kúrò lára rẹ̀? Ìwọ̀n wo ni kí n lò nínú èròjà kọ̀ọ̀kan? Ṣé mo sì lè ṣe é sílẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú?

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Àṣàkẹ́, ibi irú tófù ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Wàrà ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe tófù. Wọ́n á gbé wàrà náà kaná, wọ́n á fi èròjà tí ń mú un dì sí i, bíi calcium sulfate tàbí magnesium chloride, yóò sì dì ní ìṣùpọ̀ ìṣùpọ̀. Bí wọ́n bá ṣe tẹ ìṣùpọ̀ náà tó ni omi ṣe máa kúrò nínú rẹ̀ tó. Èyí tí wọ́n kọ "silken" sí lára kò rí títẹ̀ rárá. Ó rọ̀ débi pé bí o bá gbé ohun wúwo lé e, yóò fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Má rà á fún sàláàdì yìí. Èyí tí wọ́n kọ "firm" tàbí "extra firm" sí lára ni kí o mú.

Bí o bá fẹ́ lò ó, da omi inú ike rẹ̀ nù, là á sí méjì pẹrẹsẹ, kí o tẹ́ ẹ sáàárín aṣọ ìnuwọ́ mímọ́ méjì. Gbé pátákó tí o fi ń gé nǹkan lé e, kí o sì gbé agolo tí ó wúwo díẹ̀ méjì lé pátákó náà. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30, aṣọ ìsàlẹ̀ yóò ti tutù rinrin. Máa yọjú wò ó, nítorí pé etí tófù ni ó kọ́kọ́ máa ń sán bí ẹrù bá wúwo jù. Bí o bá ti rí i pé ó ń sán, gbé agolo kan kúrò.

Alásè Ilé dáhùn:

Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí ìyá wa sọ, ṣùgbọ́n èmi kì í tẹ tófù mọ́. Omi gbígbóná tí ó níyọ̀ ni mo ń lò. Mo mọ̀ pé yóò ya ẹni tí ó fẹ́ mú omi kúrò lẹ́nu pé kí a tún lọ kó tófù sínú omi, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́. Gé e sí wẹ́wẹ́ tí ó tó ìbú àtàǹpàkò, kí o se omi lítà kan pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan. Bí ó bá ti hó, pa iná, kó tófù sínú rẹ̀, kí o fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ara rẹ̀ yóò ki sí i, iyọ̀ yóò sì ràn án díẹ̀. Bí o bá kó o sórí aṣọ, ooru inú rẹ̀ yóò fa ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ kí o tó gbé páànù kaná.

Bí o bá fẹ́ rẹ ẹ́ sínú èròjà kí o tó dín in, má ṣe jẹ́ kí òróró wà nínú ohun tí o fi rẹ ẹ́. Omi ṣì pọ̀ nínú tófù, omi àti òróró kì í sì í bára wọn rẹ́, nítorí náà òróró kàn máa ń bo ẹ̀yìn rẹ̀ ni, tí sọ́ọ̀sì àti fínígà kò ní ráyè wọlé. Ìgbẹ̀yìn ni òróró yánmọtí yẹ kí ó wọ̀ ọ́, òórùn dídùn rẹ̀ ni a sì ń tìtorí rẹ̀ lò ó.

Kí o tó dín in, yí i nínú ìyẹ̀fun àgbàdo funfun tí ó kúnná, nǹkan bí ṣíbí ìjẹun méjì fún tófù 400 gíráàmù, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè le kárakára. Jẹ́ kí òróró gbóná dáadáa, tẹ́ tófù sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn, kí o sì kó ọwọ́ rẹ nílẹ̀. Bí o bá fẹ́ yí i, tí ó sì ṣì lẹ̀ mọ́ páànù, kò tíì tó àkókò. Fúnra rẹ̀ ni yóò tú bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n. Ẹni tí kò bá fẹ́ dín in lè tẹ́ ẹ sínú ófùnù ní ìwọ̀n 200 lórí sẹ́ńtígíréèdì fún ìṣẹ́jú 25 sí 30.

Adùnní dáhùn:

Ọ̀nà kẹta tún wà. Bí ẹ bá fi tófù sínú fírísà di ọjọ́ kejì, omi inú rẹ̀ á di yìnyín, yìnyín náà á sì gbẹ́ ihò kéékèèké sí ara rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè nígbà tí ó bá dì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Bí ó bá ti yọ́ tán, ẹ lè fi ọwọ́ fún omi inú rẹ̀ bí ẹni ń fún kànìnkànìn. Fún ọbẹ̀, kò sí èyí tí ó tó o. Fún sàláàdì, mi ò fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀, torí pé ó máa ń fa gbogbo èròjà mu tí ẹ̀fọ́ kì í fi í rí nǹkan kan.

Bàbá Olùkọ́ dáhùn:

Gbogbo yín ń tẹ tófù, ẹ ń sè é, ẹ ń sọ ọ́ di yìnyín, ẹ wá gbàgbé kùkúḿbà! Nǹkan bí 95 nínú 100 ara kùkúḿbà ni ó jẹ́ omi, kábéèjì náà sì lé ní 90. Bí sọ́ọ̀sì sóyà tí ó níyọ̀ bá ti kan wọn ni iyọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ara wọn jáde, tí yóò sì máa tòrò sí ìsàlẹ̀ abọ́. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ "má jẹ́ kí ó lómi" ti wá, kì í ṣe ara tófù.

La kùkúḿbà sí méjì ní gígùn, fi ṣíbí ha inú rẹ̀ tí ó kún fún irúgbìn kúrò, rẹ́ ẹ, wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí o gbé e sínú asẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí o sì fi ọwọ́ fún un dáadáa. O máa rí iye omi tí yóò jáde. Bí o bá fọ kábéèjì, nù ún gbẹ pátápátá, nítorí pé omi tí ó bá kù lára ewé yóò là èròjà yòókù lómi.

Ní ti ìwọ̀n, tófù 800 gíráàmù yóò tó ènìyàn mẹ́jọ bí oúnjẹ mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lo sọ́ọ̀sì sóyà ṣíbí ìjẹun mẹ́fà, fínígà mẹ́rin, òróró yánmọtí méjì, oyin kan, atalẹ̀ rírin ṣíbí tíì méjì àti aáyù awẹ́ méjì. Má fi iyọ̀ kankan kún un títí wàá fi tọ́ ọ wò, torí pé kùkúḿbà àti tófù lè ti níyọ̀ lára.

Àṣàkẹ́:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀nà omi gbígbóná ni mo máa lò, pẹ̀lú ti kùkúḿbà yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ti àlejò mi tí kì í jẹ àlìkámà, àti bóyá mo lè ṣe é sílẹ̀ láti alẹ́.

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Ó dára tí o tún rán wa létí. Ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀sì sóyà ni àlìkámà wà nínú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí àlejò rẹ lè fẹnu kàn. Wá èyí tí wọ́n ń pè ní tamari, tí wọ́n sábà máa ń ṣe láìlo àlìkámà, ṣùgbọ́n ka ara ìgò rẹ̀ kí o tó sanwó, nítorí pé àwọn kan ṣì ń fi díẹ̀ sí i. Ìyẹ̀fun àgbàdo kò ní wàhálà bí kò bá ti dàpọ̀ mọ́ òmíràn. Tún béèrè lọ́wọ́ gbogbo àlejò rẹ bóyá sóyà tàbí yánmọtí máa ń bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jà, nítorí pé ara àwọn ènìyàn kan kì í gbà á, ó sì lè le gan-an.

Alásè Ilé dáhùn:

O lè ṣe é sílẹ̀, ṣùgbọ́n má dà á pọ̀. Tọ́jú àwọn ẹ̀fọ́ sínú abọ́ tiwọn, èròjà pípò sínú ìgò, àti tófù dídín lọ́tọ̀, kí gbogbo wọn wà nínú fìríìjì. Jẹ́ kí tófù tutù kí o tó dé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oru rẹ̀ á sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di rírọ̀. Lọ́jọ́ kejì, gbé e padà sórí páànù gbígbóná fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta, da èròjà sí kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú oúnjẹ, kí o sì kó kùkúḿbà àti tófù sí i kẹ́yìn. Má jẹ́ kí ó pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta.

Bí ó bá ṣẹ́ kù, gbé e sínú fìríìjì kíákíá. Ní ọjọ́ kejì, ro omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, rẹ́ kábéèjì tútù díẹ̀ kún un, kan fínígà díẹ̀ sí i, kí o sì jẹ ẹ́ ní tútù.