Kòkó àpò 16 bu: báwo ni alága ṣe máa gba ẹ̀bi láìsọ ara rẹ̀ di ẹran ọdún?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá fún alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ kòkó kan lápá Oǹdó.

Àpò 16, tọ́ọ̀nù kan gééré, ni oníbàárà dá padà. Wọ́n fi ọ̀bẹ la hóró 300: 31 ló funfun bí òwú nínú. Bẹ́ẹ̀, kòkó onípò kìíní ò gbọ́dọ̀ ní ju 9 lọ nínú 300.

Àgbẹ̀ ní akọ̀wé ni kò yẹ̀ ẹ́ wò. Akọ̀wé ní àgbẹ̀ ni kò sá a gbẹ. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù ní òrùlé ló ń jò. Gbogbo wọn ló lọ́wọ́ sí i, ká sòótọ́: ọjọ́ 4 péré ni wọ́n sá a nínú òjò, wọ́n to àpò sórí sìmẹ́ńtì láìfi pákó tẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú kòkó wà ńlẹ̀, bátìrì rẹ̀ ló kú. Bátìrì lásán!

Alága fẹ́ sọ nípàdé pé òun lòun jẹ̀bi, torí kò yan ẹnì kan pàtó tí yóò máa wọn omi inú kòkó àpò kọ̀ọ̀kan kó tó wọlé. Èyí tí omi inú rẹ̀ bá ti ju 8 nínú 100 lọ, kó padà sórí tapólì. Ó dáa. Àmọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, ṣé wọn ò ní ní kó san gbogbo owó náà?

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ṣé kó kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ ni, àbí níwájú ìpàdé? Báwo lẹ ṣe máa ń pín irú àdánù yìí?